Òjò Inú Ohùn Yẹn, Ẹ̀wà Ni

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àmójútó agbo ilé, ẹ kú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Èmi Múínátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ti di olóògbé, ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá mi ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ń kí yín. Mo kí Ìyáálé, ìyàwó yín àgbà. Mo kí Ìyá Sìkírá, ìyàwó yín kékeré, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ìyá mi láràárọ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó fi irú rẹ̀ gbà á. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé. Mo kí télọ̀ iwájú ilé wa. Mo kí àwọn àgbà mẹ́ta tí ẹ kó jọ sórí àga oníke ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa lóṣù tó kọjá. Àwọn ni mo kí kẹ́yìn, nítorí pé lẹ́yìn yín, àwọn ni inú ń bí mi sí jù.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń ka lẹ́tà mi. Mo pè yín, pè yín, ẹ pa fóònù mọ́ mi létí. Mo rán ènìyàn, ẹ ní ẹ̀ ń sùn. Ní gbangba ni ẹ ti fi ohùn mi jẹ́rìí èké, ní gbangba náà ni n óò ti gbà á padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá tó ń kà á, ẹ jẹ́ kó bá wa dá sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ìyá mi, tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, ní ilé oníyàrá méjì kan nínú agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Igbá ló ń tà kó tó ṣàìsàn, èrè igbá náà ló fi kọ́ ọ, búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn òmíràn. Inú rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí báyìí. Ẹ fẹ́ tà á. Ẹ mú ohùn kan jáde láti inú fóònù, ẹ ní ohùn ìyá mi ni, pé kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn ló ti yọ̀ǹda pé kí ẹ tà á. Bàbá mi, ohùn mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí láti ọdún mẹ́ta tí mo ti kúrò ní Ọ̀yọ́, ẹ kò béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sitúdíò kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn àwọn ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ọ̀gá Dárè, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló ni ín. Eré rẹ́díò là ń ṣe, àti eré aláwòrán tí àwọn ọmọdé ń wò lórí fóònù. Àwòrán kì í sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń bá a sọ ọ́. Nínú eré kan ṣoṣo, èmi ni ọba arúgbó, èmi ni olorì tó ń jowú, èmi ni ewúrẹ́ tó jẹ iṣu ààfin, èmi náà ni ọmọ ọwọ́ tí kò jẹ́ kí ọba sùn. Bí ọba bá bú olorì, èmi ni mo bú ara mi, èmi náà ni mo sì máa fèsì. Ewúrẹ́ yẹn, àwọn ọmọ àdúgbò mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní kí n ké bíi rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí n lọ, mo sì máa ń ké.

Àwọn ìró inú eré náà ńkọ́? Ọwọ́ wa là ń fi ṣe wọ́n. Ẹṣin tí ẹ ń gbọ́ tó ń sáré bọ̀ láti ojú ogun, igbá méjì tí mo dojú wọn kọlẹ̀ ni mò ń fi lu iyanrìn inú àwo, igbá tí mo jí kó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Iná tó jó ààfin, ọ̀rá piọ́ wọ́tà ni mò ń rún lẹ́nu maìkì. Egungun ọ̀tá tó kán, ìrèké ni mo ṣẹ́, mo sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀tá kú tán. Ẹni tí wọ́n gbá létí nínú eré, itan mi ni mo gbá. Lọ́jọ́ tí ìyáálé àti ìyàwó inú eré jà, itan mi wú, mi ò lè wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Òjò rọrùn jù. Ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ sórí atẹ, ẹ máa yí i pẹ̀lẹ́, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nìyẹn. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ó di eji wọwọ. Bí ẹ bá wá jẹ́ kí omi máa kán sínú abọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òrùlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Àní sẹ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé ibi tó ń tì mí lójú. Àgbàlagbà obìnrin tí wọ́n ń sanwó fún kó máa fi igbá ṣeré nínú iyanrìn! Owó náà kò pọ̀, òògùn ìyá mi ló ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ooru ibẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Fóòmù àtijọ́ la fi dí fèrèsé, a kò gbọ́dọ̀ tan fáànù nítorí maìkì yóò gbọ́ ọ. Bí mo bá ṣe olorì tán, aṣọ mi á rin gbindin. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, ọ̀kadà ń dún, ẹ̀rọ ìlọta ẹnu ọ̀nà ń dún. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan, nígbà táwọn ọkùnrin bá lọ kí ìrun, ni àdúgbò máa ń dákẹ́ díẹ̀, ìgbà náà la máa ń gba ohùn sílẹ̀ jù.

Bí mo bá délé, mò ń dá nìkan sọ ọ̀rọ̀ ènìyàn márùn-ún títí oúnjẹ fi ń jiná. Ìyá onílé mi gbà pé mò ń kó ọkùnrin wọlé. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wá ọkùnrin náà dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní èmi ni ọkùnrin náà. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ kí òun gbọ́. Mo sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó lọ tán, yàrá tún pa rọ́rọ́. Ẹ má rò pé ìgbádùn ni mò ń jẹ níbí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé ọba arúgbó nìkan ló bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ lójú ayé níbi ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn Ìyá Sìkírá? Ẹ ní iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ohùn ẹlòmíràn ṣe, irọ́ pípa ni, pé harámù ni, pé ẹnu tó ń ké bí ewúrẹ́ kò yẹ kó máa ka Fàtíhà. Ẹ ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ télọ̀ iwájú ilé wa. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Mo dorí kodò nítorí pé àgbà ni yín. Ó dáa. Nínú èmi àti ẹ̀yin báyìí, ta ló fẹ́ fi ohùn ẹlòmíràn jẹun?

Lẹ́yìn tí ìyá mi kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù Ìyá Sìkírá ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ohùn tèmi. Ohùn ìyá mi gan-an ni mò ń ṣe, bó ṣe máa ń jágbe mọ́ ẹni tó ń ná igbá láìní í lọ́kàn láti rà, bó ṣe máa ń bú ewúrẹ́ Ìyáálé tìran-tìran, bó ṣe máa ń húkọ́ kékeré kan kó tó purọ́ iye tó ra ọjà. Ìyá Sìkírá á gbé fóònù sí i létí. Ó ní apá ojú rẹ̀ tí àrùn kò mú á rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n, omi á máa dà lójú rẹ̀. Níbi tí mo bá ti ṣe é kù díẹ̀ káàtó, á na ìka kan sókè pé òun kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún àwọn àgbà pé ọpọlọ rẹ̀ ti lọ, ọpọlọ wo ló lọ lára ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ṣi òun ṣe?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, mo ní kí n ṣe òjò fún un. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ilé pé bí òjò bá ń rọ̀ tí òrùlé bá ń jò, ìyá mi máa ń bá ilé náà jà. Á ní òun ti yọ̀ǹda rẹ̀, kí wọ́n wá tà á, kí òun kó lọ sínú igbá. Àwàdà rẹ̀ ni, àwa tó ń gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò á máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ọ̀gá Dárè ń gbọn ẹ̀wà lórí atẹ, mò ń kán omi sínú abọ́, mo sì fi ohùn ìyá mi sọ pé òun ti yọ̀ǹda ilé yìí o, kí wọ́n sọ fún Mùfútáù kó wá tà á. Lẹ́yìn náà ni mo mí kanlẹ̀, mo fi kún un pé kó fi owó rẹ̀ fẹ́ ìyàwó kẹta, kó gbé ìyàwó náà pamọ́ sínú igbá olómi. Ẹ̀rín pa Ọ̀gá Dárè, atẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wà dà sílẹ̀ gbuuru. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ohùn tí mo fi ránṣẹ́.

Ẹ wá yá fóònù Ìyá Sìkírá. Ẹ ní kírẹ́díìtì yín ti tán. Ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ara yín, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá gárèjì, ẹ ní kí wọ́n gé ìdí rẹ̀ sọnù, ìyàwó kẹta àti ẹ̀rín àti ẹ̀wà tó dà. Mo mọ̀ pé wọ́n gé e, nítorí nígbà tí ẹ jù ú sórí Wásáàpù ẹbí, mo gbọ́ ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Mò ń mí kanlẹ̀ láti sọ èyí tó kàn, wọ́n gé èémí náà sí méjì. Etí tí kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè gbọ́ ọ. Ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ kàn mí lọ́fun.

Ìyá Sìkírá ló ń gbé omi fún yín lọ́jọ́ ìpàdé náà, òun ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Ẹni tó fẹ́ ra ilé, tó fẹ́ wó o kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ tẹ fóònù. Àwọn àgbà mẹ́ta ní háà, pé Ìyá Múínátù nìyí, pé ohùn rẹ̀ nìyí. Ọ̀kan nu ojú. Èkejì ní ṣé ẹ kò gbọ́ òjò ni, pé òjò ńlá èṣí yẹn ni, pé òun tiẹ̀ wà lóko nígbà tó rọ̀, tí òun fi ewé kókò bo orí. Bàbá mi, òjò inú ohùn yẹn, ẹ̀wà ni. Ẹ̀wà olóyin. A ṣà á nílẹ̀, a sè é, a fi gààrí jẹ ẹ́.

Mo pè yín lọ́jọ́ náà, ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní èmi ni mo ṣe ohùn náà. Ẹ ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹ ní kò sí ọmọ ènìyàn tó lè ṣe bí ẹlòmíràn dé ibi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti ọgbọ̀n ọdún kò fi ní dá a mọ̀, pé mo kàn fẹ́ dá jẹ ilé náà ni. Ojú ń tì mí láti sọ èyí, ṣùgbọ́n orí mi wú. Ìyìn àkọ́kọ́ tí ẹ fún iṣẹ́ mi láti ọdún mẹ́ta nìyẹn, mo sì gbà á fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ṣí ohùn náà.

Mo gbọ́ ohùn náà, mo tún un gbọ́, títí mo fi rí àṣìṣe mi. Mo pe orúkọ yín, mo ní Mùfútáù. Ìyá mi kì í pe orúkọ yín! Nígbà tí bàbá mi gbé e níyàwó, ọmọ ilé ìwé ni yín, ẹ̀ ń ru àpò ìwé kiri. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni yín. Ó sọ yín ní Akọ̀wé. Akọ̀wé ló ń pè yín nígbà tó ń dùn, Akọ̀wé náà ni nígbà tí ẹ bá jọ ń jà. Èmi tí wọ́n bí sínú ilé, orúkọ yín ni mo mọ̀, mo kàn fi bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìronú. Lọ́jọ́ tí Ìyá Sìkírá gbé òjò náà sí i létí, ó na ìka sókè níbẹ̀ gan-an. Ìyá Sìkírá sọ fún mi. Mo rò pé ikọ́ náà ni mi ò ṣe dáadáa.

Àwọn àgbà mẹ́ta yẹn, mo lè ní wọn kò mọ̀. Ọkùnrin kì í fetí sí orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pe ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín, tí kò dárúkọ yín rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé, dárúkọ yín kedere nínú fóònù, ẹ kò sì ta gìrì. Ẹ mọ̀. Ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe òun kí ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tó gé e. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, pé ẹ mọ̀, ẹ sì tún jókòó, ẹ ń nu ojú pẹ̀lú àwọn tó kù. Àgbà wà lọ́jà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ yí orí ọmọ tuntun.

Mo ní kí Ìyá Sìkírá gbé ohùn náà fún Ìyáálé àti gbogbo ìyàwó ilé. N kò sọ ohun tí wọn yóò gbọ́ níbẹ̀ fún wọn. Ó ní orúkọ yín kò tíì balẹ̀ tí Ìyáálé fi pàtẹ́wọ́, tó ní ìyàwó wo nìyẹn, ta ló kọ́ ọ nílé? Ìyáálé ní òun àti Ìyá Múínátù ti jọ lo ààrò kan náà pẹ́, pé á gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ kó tó dárúkọ ọkọ. Lọ́jọ́ tí oníbàárà yín wá wọn ilẹ̀, wọ́n ti dúró dè é níwájú ilé, gbogbo wọn. Ìyáálé kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó gbé ohùn náà sí i létí, ó ní kó dákun kó padà sílé, kó bi ìyàwó tirẹ̀ bóyá irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ó ní bí ìyàwó rẹ̀ bá ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, kó wá kó ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà ká okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó lọ.

Ẹ ń sọ kiri pé àwọn obìnrin ti dójú tì yín. Ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Ohùn náà ní odindi rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín Ọ̀gá Dárè, wà lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá tún mú wá, yóò gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, nítorí ilé kò lọ mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ṣe ohùn tuntun fún ìyá mi. Mo ṣe ti oníbàárà kan tó ń ná igbá tí igbá náà sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín jù. Ìyá Sìkírá gbé e sí i létí. Ó ní gbólóhùn kan péré ni ìyá mi gbọ́ tó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ti fóònù dànù. Wọ́n gbé e padà, ó tún tì í, ó yí ojú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rín. Ìgbà náà ni Ìyá Sìkírá tó sọ èyí tó ti ń fi pamọ́ fún mi. Pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ẹ wọ yàrá rẹ̀, ẹ gbé ohùn tí ẹ gé náà sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ní ṣé ó ti gbọ́ ara rẹ̀, pé òun ló sọ ọ́, pé kó má na ìka sí ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí kò lè sọ̀rọ̀! Ẹ fi ohùn rẹ̀ lé e mọ́ ògiri.

Mo sunkún, Bàbá mi. Mo ti sunkún fún olorì, fún ọmọ ọwọ́ àti fún opó inú eré rẹ́díò, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. N kò ní ṣe ohùn ìyá mi mọ́ láé, fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan tó kù tó ń mú un rẹ́rìn-ín láyé, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ẹ kò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú kápẹ́ńtà tí yóò tún òrùlé náà ṣe. N óò kúnlẹ̀ kí yín lójú ọ̀nà, nítorí bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò ní wọlé yín, ẹ má sì gbé omi fún mi. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni n óò jókòó sí, bí kò bá lé mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe. Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Kí ó má ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Bí ó bá sì wá gbà á lọ́jọ́ kan, Bàbá mi, kí ó má fi yín sọ́wọ́ ẹni bíi yín.

Èmi ni Múínátù, ọmọ yín.